Ire Wọlé, Omi Kò Wọlé

Ìjọba ìbílẹ̀ méjì ni ó pín àgbègbè Ìkirè àti Apòmù láàárín ara wọn. Irewọlé ni orúkọ àkọ́kọ́, Ìkirè sì ni ibùjókòó rẹ̀. Ìsọ̀kan ni orúkọ èkejì, Apòmù ni ibùjókòó tirẹ̀. Ẹni tí ó sọ wọ́n ní orúkọ wọ̀nyí gbàdúrà, ó sì fi èdè tí ó dùn gbà á. Ṣùgbọ́n ẹ lọ bá ìyá tí ó ti to kẹ́gì sílẹ̀ ní ẹnu kànga ẹlẹ́rọ kí ilẹ̀ tó mọ́, kí ẹ bi í léèrè irú ire tí ó wọlé. Yóò ka díẹ̀ fún yín, nítorí Yorùbá kì í ṣe aláìmoore. Ẹ ó kàn rí i pé omi kò sí lára ohun tí yóò kà ni.

Ní ojú tèmi, kò sí ọ̀rọ̀ tí ó fi ipò tí a wà hàn tó ọ̀rọ̀-ìṣe kan ṣoṣo. Nínú èdè wa, a ń pọn omi. A ń fa omi nínú kànga, a ń bu omi nínú àmù, a ń gbe omi lábẹ́ ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ nígbà òjò. Omi ni a fi ń pàdé àlejò kí a tó bi í léèrè ohun tí ó bá wá. Gbogbo ọ̀rọ̀-ìṣe wọ̀nyí ń fẹ́ agbára apá àti ẹsẹ̀, wọn kò fẹ́ owó. Èyí tí ó gba ipò gbogbo wọn lónìí ni "rà". Ọmọ tí ìyá rẹ̀ bá rán níṣẹ́ omi lónìí, náírà ni yóò kọ́kọ́ nawọ́ gbà kí ó tó nawọ́ gbé kẹ́gì. Olùkọ́ tí ó bá fẹ́ kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bí ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ ṣe ń yí padà, àpẹẹrẹ rèé, kò sì ní jáde nínú ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ kí ó tó rí i.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò, nítorí àìṣírò ni ó ń jẹ́ kí ìyà yìí dà bí ohun kékeré. Nínú ìlànà ìpèsè omi tí ìjọba àpapọ̀ gbé jáde ní oṣù Kínní ọdún 2000, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé lítà 30 ni ó tọ́ sí ẹnì kọ̀ọ̀kan lójúmọ́ ní abúlé, lítà 60 ní ìlú kékeré, àti lítà 120 ní ìlú tí èrò rẹ̀ bá ju 20,000 lọ. Ìkirè ti kọjá 20,000 láti ọjọ́ tí ó ti pẹ́. Nínú ìkànìyàn ọdún 2006, ìjọba ìbílẹ̀ méjèèjì yìí ni èrò wọn lé ní 100,000. Nítorí náà, ilé tí ènìyàn mẹ́fà ń gbé, lítà 720 ni ìwé ìjọba sọ pé ó tọ́ sí wọn lójúmọ́. Kẹ́gì lítà 25 mọ́kàndínlọ́gbọ̀n nìyẹn. Kò sí ilé tálákà tí ó ń lo iye yẹn. Ẹ jẹ́ kí a gé e sí méjì, kí a ní kẹ́gì mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ká ní ₦50 péré ni wọ́n ń ta kẹ́gì kan, ₦750 ni ti ọjọ́ kan, ₦22,500 sì ni ti oṣù. Owó oṣù tí ó kéré jù lọ tí òfin fọwọ́ sí ní oṣù Keje ọdún 2024 jẹ́ ₦70,000. Omi nìkan ti gba nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta, bẹ́ẹ̀ ni a kò tíì ra gaàrí, a kò tíì san owó ilé-ẹ̀kọ́. Nínú ìròyìn tí àjọ UNDP ṣe lórí omi ní ọdún 2006, ohun tí wọ́n fi ṣe òdiwọ̀n ni pé owó omi kò yẹ kí ó ju náírà 3 nínú 100 tí ó ń wọlé fún ìdílé.

Mo mọ ohun tí ẹlòmíràn yóò wí. Yóò ní àwọn ènìyàn kì í ra gbogbo omi tí wọ́n ń lò, pé kànga wà, pé òjò ń rọ̀. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìgbà wo ni kànga wà? Orí àpáta líle ni apá ilẹ̀ wa yìí jókòó lé. Omi abẹ́ ilẹ̀ kò pọ̀ níbi gbogbo, kànga ẹlòmíràn a sì gbẹ kí oṣù Kejì tó tán. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tí kànga bá gbẹ gan-an ni ẹni tí ó ń ta omi máa ń fi owó lé e. Ìgbà tí ọwọ́ àgbẹ̀ ṣófo náà sì ni.

Ti omi inú ọ̀rá tilẹ̀ burú jù. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 2000, ₦5 ni a ń ra píọ̀-wọ́tà kan. Ó di ₦10, ó pẹ́ níbẹ̀. Ó di ₦20. Nígbà tí yóò fi di ọdún 2024, ₦50 ni ní ọ̀pọ̀ ibi. Ọ̀rá kan jẹ́ ìdajì lítà. Ẹni tí ó bá ń rà á lẹ́yọ lẹ́yọ ní ₦50 ń ra lítà kan ní ₦100. Olówó kì í rà á bẹ́ẹ̀. Àpò ni yóò rà, ìdá rẹ̀ yóò sì wálẹ̀. Ẹni tí owó ọwọ́ rẹ̀ kò tó àpò ni ó ń san iye tí ó ga jù. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí lórí kẹ́gì pẹ̀lú: ẹni tí ó ní táǹkì ńlá lè pe táńkà kí ó wá já omi sí i lẹ́ẹ̀kan, ẹni tí kò ní ju kẹ́gì méjì lọ ni yóò máa lọ máa bọ̀. Ní ilẹ̀ wa, bí ènìyàn bá ṣe tálákà tó ni omi rẹ̀ ṣe wọ́n tó.

Kí ni ó fà á tí ó fi gbówó lórí báyìí? Kò farasin. Epo ni ó ń fa omi. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kárùn-ún ọdún 2023 ni Ààrẹ Tinubu kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ. Epo bẹntiróòlù tí kò tó ₦200 lítà kan fò kọjá ₦500 láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2024 ó ti ré kọjá ₦1,000. Ẹ̀rọ jẹnẹrétọ̀ ni ó ń gbé omi láti inú ilẹ̀ lọ sí orí táǹkì, ọkọ̀ ni ó ń gbé píọ̀-wọ́tà kiri, ọ̀rá tí wọ́n fi ń dì í náà sì gbówó lórí. Ẹni tí ó ń ta omi kò ṣẹ̀ wá. Òun náà ń ra epo. Kí a má ṣe lọ máa bá ìyá aláròóbọ̀ jà nítorí ọ̀ràn tí ó ti Àbújá wá.

Ṣùgbọ́n epo kì bá tí ní àṣẹ lórí omi wa tó báyìí bí ó bá jẹ́ pé omi ẹ̀rọ ń wọ ilé. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ mi wà.

Ẹ wo maapu. Odò Ọ̀ṣun ti Ìgèdè-Èkìtì wá, ó gba Òṣogbo kọjá, ó gba ẹ̀bá Ẹdẹ, ó wá ń ṣàn bọ̀ ní apá ọ̀dọ̀ wa. Ní Aṣéjíre, lórí ọ̀nà Ìbàdàn sí Ifẹ̀, wọ́n sé odò náà ní nǹkan bí ọdún 1972. Adágún náà wà ní ibi tí ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ àti Ọ̀ṣun ti pààlà. Omi tí wọ́n ṣe é láti pèsè tó nǹkan bí mílíọ̀nù 80 lítà lójúmọ́, Ìbàdàn ni ó sì ń lọ. Ilé-iṣẹ́ Nigerian Bottling Company kọ́ ilé-iṣẹ́ ọtí ẹlẹ́rìndòdò sí ibẹ̀, oníṣòwò kì í sì í lọ síbi tí omi kò sí. Ẹni tí ó bá wọ ọkọ̀ ní Ìkirè tí ó ń lọ sí Ìbàdàn yóò rí adágún náà láti ojú fèrèsé. Àwọn àgbà ní ẹnìkan kì í gbé ẹ̀bá odò kí ó máa fi itọ́ bọ́jú. Wọn kò tíì rí wa nígbà yẹn.

N kò bá Ìbàdàn jà. Ìlú ńlá ni, omi tọ́ sí i, òun náà kò sì rí i mu tó. Ohun tí mo ń bèèrè ni pé nígbà tí wọ́n sé odò yẹn, ìpínlẹ̀ kan náà ni gbogbo wa, Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn. Ọdún 1976 ni wọ́n pín in, tí a bọ́ sí Ọ̀yọ́. Ọjọ́ 27 oṣù Kẹjọ ọdún 1991 ni Ọ̀ṣun yọ jáde. Àwa yọ̀ nígbà náà pé a gba ìpínlẹ̀. Nínú gbogbo ìpàdé tí wọ́n fi pín àga àti ọkọ̀, ǹjẹ́ ẹnikẹ́ni ránti pín omi Aṣéjíre? Bí ẹnìkan bá ránti, èso rẹ̀ kò dé ẹnu ọ̀nà wa.

Ohun tí ó dé ẹnu ọ̀nà wa ni bọ́hóòlù tí a ya àwòrán olóṣèlú sí lára. Ẹ mọ̀ ọ́n. Irin gíga, táǹkì dúdú lórí rẹ̀, ẹnu ẹ̀rọ mẹ́rin ní ìsàlẹ̀, orúkọ ọlọ́lá tí ó "fi ta àwọn ará ìlú lọ́rẹ" ní ọ̀dà funfun. A gbé ìlù lọ, a jó, a ya fọ́tò. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, ẹ̀rọ tí ń fa omi jóná, kò sì sí ẹni tí owó àtúnṣe wà ní ọwọ́ rẹ̀, nítorí ọrẹ ni, kì í ṣe iṣẹ́ ìjọba. Ọ̀rọ̀ yẹn, "ọrẹ", ni mo kórìíra jù nínú gbogbo rẹ̀. Owó ìlú ni a fi gbẹ́ kànga náà. Ẹni tí ó fi owó mi ra omi fún mi, tí ó ní kí n dọ̀bálẹ̀ dúpẹ́, kí ni kí a ti máa pe irú ẹni bẹ́ẹ̀? Ẹ wo èdè tí a ń lò pẹ̀lú: a ní ìjọba "ràn wá lọ́wọ́", a ní wọ́n "ṣàánú wa". Kò sí akẹ́kọ̀ọ́ tí yóò fi èdè aláàánú bèèrè ẹ̀tọ́ tí yóò rí ẹ̀tọ́ gbà. Bẹ́ẹ̀ sì ni ẹ̀tọ́ ni: ìgbìmọ̀ gbogbogbòò Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ti dìbò sí i ní ọjọ́ 28 oṣù Keje ọdún 2010 pé omi mímu tí ó mọ́ jẹ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn.

Ta ni kí a wá mú? Gbogbo ènìyàn ní alága káńsù ni. Mo gbà pé òun ni ó sún mọ́ wa jù, òun ni a sì lè rí bú. Ṣùgbọ́n ẹ ṣí ìwé òfin ilẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1999, kí ẹ lọ sí àfikún kẹrin rẹ̀ níbi tí wọ́n to iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ sí. Ẹ ó rí ìtẹ́ òkú níbẹ̀. Ẹ ó rí ọjà, ibi tí a ti ń pa ẹran, ibùdókọ̀, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ gbogbogbòò, gọ́tà, ìwé-ẹ̀rí ọmọ bíbí. Ẹ ó rí i pé káńsù ni ó ni àṣẹ láti fún kẹ̀kẹ́, ọkọ̀ ojú omi àti ọmọlanke ní ìwé-àṣẹ. Omi mímu nìkan ni ẹ kò ní rí. Ọmọlanke tí ó ń gbé kẹ́gì omi kiri wà nínú òfin, omi tí ó wà nínú kẹ́gì kò sí níbẹ̀! Omi odò tí ó bá kan ju ìpínlẹ̀ kan lọ, ìwé òfin kan náà gbé e fún ìjọba àpapọ̀. Àjọ tí ó ń rí sí agbádá odò Ògùn àti Ọ̀ṣun sì wà ní Abẹ́òkúta láti ọdún 1976. Omi ìgboro, ìpínlẹ̀ ni. Omi abúlé, ìlànà ọdún 2000 gbé e fún ìjọba ìbílẹ̀. Nígbà tí mẹ́ta bá jọ ni màlúù, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni ẹ ó mọ̀ pé kò sí ẹni tí ó ń fún un ní omi.

Èyí kò dá káńsù láre. Àfikún kan náà sọ pé káńsù ni yóò mójú tó ẹ̀gbin àti gọ́tà, àti pé yóò kópa nínú ètò ìlera. Kànga tí wọ́n gbẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ ṣáláńgá, ọ̀ràn ìlera ni. Kọ́lẹ́rà kì í bèèrè ìwé òfin kí ó tó wọlé.

Ẹ wá wo ohun tí wọ́n ń fi ọdún wa jà lé lórí. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹwàá ọdún 2022 wọ́n dìbò ìjọba ìbílẹ̀ ní Ọ̀ṣun. Kí oṣù Kọkànlá tó parí, ilé-ẹjọ́ gíga àpapọ̀ ti fagi lé e, gómìnà tuntun sì gorí àlééfà. Ẹjọ́ lọ sí kòtẹ́milọ́rùn. Ní ọjọ́ 11 oṣù Keje ọdún 2024, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ dájọ́ pé owó ìjọba ìbílẹ̀ kò gbọdọ̀ gba ọwọ́ gómìnà kọjá mọ́. Inú wa dùn, a rò pé omi ti dé. Ní oṣù Kejì ọdún 2025, ẹgbẹ́ kan ní ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ti dá àwọn padà sípò, ẹgbẹ́ kejì ní irọ́ ni. Ní ọjọ́ 17 oṣù náà, ìjà bẹ́ ní àwọn sẹkitéríàtì káńsù káàkiri ìpínlẹ̀, ẹ̀mí sì bọ́ ní Ìkirè gan-an, tí alága tí wọ́n ń jà lé orí ipò rẹ̀ sì wà lára àwọn tí wọ́n kú. Ní ọjọ́ 22, ọjọ́ márùn-ún péré lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n tún dìbò mìíràn. Àwọn òṣìṣẹ́ káńsù jókòó sí ilé fún oṣù gbọọrọ, ìjọba àpapọ̀ sì dá owó àwọn ìjọba ìbílẹ̀ ìpínlẹ̀ náà dúró.

N kò ní sọ ẹgbẹ́ tí ó jàre. Àwọn ilé-ẹjọ́ wà fún ìyẹn, wọn kò sì tíì sinmi. Ohun tí ó dùn mí ni pé nínú gbogbo ìwé ẹjọ́ àti gbogbo ìpàdé oníròyìn wọ̀nyẹn, kò sí ẹgbẹ́ kan tí ó fi kànga Ìkirè ṣe ohun ìjà. Kò sí ẹni tí ó dúró ní gbangba láti wí pé, "Ẹ fún mi ní sẹkitéríàtì, iye ẹ̀rọ omi tí yóò máa ṣiṣẹ́ ní Apòmù nígbà tí mo bá fi máa lo ọdún kan nìyí." Àga ni wọ́n ń du. Ènìyàn kú nítorí àga. Ẹni tí ó bá sì gbé e lé orí, ó dájú pé táǹkì tirẹ̀ ní omi nínú.

Àwọn kan ti sú, wọ́n ní kí olúkúlùkù gbẹ́ kànga tirẹ̀ kí ó gbàgbé ìjọba. Mo gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ọ̀mọ̀wé pẹ̀lú. Ó dára fún ẹni tí ó lè gbẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n ilé tí ó ní kànga tirẹ̀, jẹnẹrétọ̀ tirẹ̀ àti ọdẹ tirẹ̀ ti di ìjọba ìbílẹ̀ kékeré, alága rẹ̀ kò sì ní bá aládùúgbò jáde lọ bèèrè ohunkóhun mọ́. Báyìí ni omi ẹ̀rọ ṣe kú ní ìgboro Nàìjíríà. Ní ọdún 1990, nǹkan bí ilé mẹ́ta nínú mẹ́wàá ní ìgboro ni omi ẹ̀rọ ń wọ inú ọgbà wọn. Ní ọdún 2015, kò pé ẹyọ kan nínú mẹ́wàá mọ́. Àwọn tí ohùn wọn lè dé etí ìjọba ti gbẹ́ kànga, wọ́n ti dákẹ́. Nígbà tí Ààrẹ Buhari kéde ìpò pàjáwìrì lórí omi ní ọjọ́ 8 oṣù Kọkànlá ọdún 2018, ta ni nínú wa tí ó tilẹ̀ gbọ́?

Àwọn baba wa kò rí bẹ́ẹ̀. Ní Èkó, ní ọdún 1908, ìjọba àmúnisìn gbé ètò kan kalẹ̀ láti fa omi ẹ̀rọ wọ ìlú, kí wọ́n sì gba owó omi lọ́wọ́ àwọn onílé. Àwọn ará Èkó fárígá. Wọ́n ní kànga wà ní àgbàlá àwọn, pé àwọn òyìnbó ni omi náà yóò kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ wọn. Dókítà John Randle àti Dókítà Orísàdípẹ̀ Ọbasá dá ẹgbẹ́ People's Union sílẹ̀ ní ọdún yẹn nítorí ọ̀ràn náà. Ìjà sì tún bẹ́ ní ọdún 1916, nígbà tí ẹ̀rọ Ìjù ti ń ṣiṣẹ́. Ẹnìkan lè wí pé wọ́n ṣe àṣìṣe, nítorí omi Ìjù ṣe Èkó ní àǹfààní. Kò burú. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ rí ni pé wọ́n mọ iye tí wọ́n fẹ́ gbà lọ́wọ́ wọn, wọ́n sì mọ ẹni tí ó fẹ́ gbà á. Tiwa kò ní ìwé owó. Kò sí agbowó-òde tí ó ń kan ilẹ̀kùn. Ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá lójúmọ́ ni a ń san án, ní ₦50 ₦50, fún ẹni tí kì í ṣe ìjọba, nítorí ohun tí ìjọba kò ṣe. Owó orí ni, ṣùgbọ́n a kò pè é bẹ́ẹ̀, nítorí náà a kò bínú sí i bí a ti ń bínú sí owó orí.

Nítorí èyí ni mo ṣe ń kọ ọ́ fún ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, kì í ṣe fún alága. Alága kì í ka irú ìwé báyìí. Ẹ̀yin ni ẹ ń pẹ́ dé ilé-ẹ̀kọ́ nítorí ìlà kẹ́gì; ẹ̀yin ọmọbìnrin ni orí yín ń gbé e jù. Ẹ jẹ́ kí kíláàsì kan ní Ìkirè, kí òmíràn ní Apòmù, kọ iye kẹ́gì tí ilé kọ̀ọ̀kan rà àti iye owó rẹ̀ sílẹ̀ fún ọjọ́ 30, láìdárúkọ ilé. Iṣẹ́ ìṣirò ni fún olùkọ́ ìṣirò, iṣẹ́ lẹ́tà ni fún olùkọ́ Yorùbá. Kí àwọn mìíràn rìn yí àdúgbò wọn ká, kí wọ́n ka àwọn kànga ẹlẹ́rọ ìjọba: mélòó ni ó ń yọ omi, mélòó ni ó ti kú, orúkọ ta ni ó wà lára táǹkì.

Lẹ́yìn náà, ẹ kọ lẹ́tà sí káńsù, kí ẹ fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí ọmọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ tí ó ń ṣojú yín. Ẹ má ṣe bẹ̀bẹ̀ nínú rẹ̀, ẹ má sì ṣe bú ẹnikẹ́ni. Ẹ bèèrè iye tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún omi nínú ètò ìṣúná ọdún yìí àti iye tí wọ́n ti ná nínú rẹ̀. Ẹ bèèrè ẹni tí ó ni àtúnṣe kànga kọ̀ọ̀kan tí ẹ kà. Ẹ bèèrè ìgbà tí Ọ̀ṣun jókòó kẹ́yìn pẹ̀lú Ọ̀yọ́ àti àjọ Abẹ́òkúta lórí omi Aṣéjíre. Ẹ kọ ọ́ ní Yorùbá, pẹ̀lú àmì ohùn. Bí èsì bá dé, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara pátákó ìkéde ilé-ẹ̀kọ́. Bí kò bá dé lẹ́yìn oṣù kan, ẹ̀dà lẹ́tà yín ni kí ẹ lẹ̀ mọ́ ọn, pẹ̀lú ọjọ́ tí ẹ fi í ránṣẹ́.